Omi Ẹ̀yìnkùlé Adégbìtẹ́

Nígbà tí Àníọlá ṣì wà láyé, ọkọ rẹ̀ kì í sábà dé ẹ̀yìnkùlé. Iwájú ilé ni ti Adégbìtẹ́: àga rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, rédíò, ìwé ìròyìn, àti géètì tó ti lè rí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ní àdúgbò wọn ní Bódìjà. Ẹ̀yìnkùlé ni ti ìyàwó rẹ̀. Ibẹ̀ ni Àníọlá gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí lọ́dún tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá. Adégbìtẹ́ bá a jà lórí rẹ̀ nígbà náà. Ó ní kí ni àgbàlagbà méjì fẹ́ fi omi tó pọ̀ tó báyìí ṣe, nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti di ará Kánádà. Àníọlá ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ ó rí i," ó sì lọ pe àwọn tó máa gbẹ́ ilẹ̀.

Adégbìtẹ́ rí i lóòótọ́. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn àgbà obìnrin ni Àníọlá ń kọ́, àwọn tí ẹ̀rù omi ti ń bà láti kékeré: òṣìṣẹ́ báńkì, obìnrin tó ń ta oògùn, ìyá kan tí dókítà ní kó máa lúwẹ̀ẹ́ nítorí orúnkún rẹ̀. Láti abẹ́ máńgòrò, Adégbìtẹ́ á máa gbọ́ ẹ̀rín wọn, á máa gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n tú ọrùn sílẹ̀, pé omi ò ní í gbé wọn mì. Á yí rédíò sókè díẹ̀.

Òjijì ni ikú Àníọlá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e lọ nígbà ọyẹ́, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi dùbúlẹ̀. Ọmọ wọn, Ẹwàolúwa, wá láti Calgary, ó sin ìyá rẹ̀, ó dúró títí ọjọ́ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ fi pé, ó sì padà. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, wọ́n jókòó ti Adégbìtẹ́. Wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀, bí èrò ṣe ń dín kù nílé ọ̀fọ̀, títí ó fi ku òun àti rédíò rẹ̀.

Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé ilé náà ò dákẹ́ bó ṣe rò pé á dákẹ́. Fíríìjì ń kùn, ilẹ̀kùn ń dún, páànù òrùlé ń ta kìì tí oòrùn bá ràn. Ohùn èèyàn nìkan ni kò sí. Láàárọ̀, tí oníwèé ìròyìn bá dé, Adégbìtẹ́ á dá a dúró lẹ́nu géètì, á bi í pé báwo lọjà, ṣé òjò ò pa á, ṣé ọ̀nà Agbowó dára lónìí. Ọkùnrin náà á dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Tó bá ti lọ, ó lè di ọjọ́ kejì kí Adégbìtẹ́ tó tún la ẹnu bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi tí Ẹwàolúwa bá pè.

Òun kọ́ ló rántí omi. Kọ̀ǹkọ̀ ló rán an létí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ara wọn jọ sínú adágún náà, igbe wọn sì gba gbogbo àdúgbò láti ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Jésùtófúnmi, aládùúgbò tó ń gbé lẹ́yìn ògiri, dúró lórí àpótí, ó yọ orí wò ó.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú o," obìnrin náà sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí omi yẹn. Ẹ̀fọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn."

Nígbà tó sọ ọ́ fún Ẹwàolúwa lórí fóònù, ọmọ náà ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ dí i. Ẹ gbin nǹkan síbẹ̀. Ta ló tún fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀?"

Adégbìtẹ́ rí i pé òótọ́ lọ́rọ̀ náà. Ó bá onítípà kan sọ̀rọ̀, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ sí ọjọ́ Mọ́ńdè.

Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni ẹnì kan kan géètì. Obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún ni, ó fi ìborùn dúdú bo orí, ó gbé báàgì kékeré kọ́ èjìká.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Nabeelah lorúkọ mi. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mo wá. Wọ́n ń kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́ kí ibi iṣẹ́ wa tó gbé mi lọ sí Sókótó. Mo ti ń pe fóònù wọn, kò lọ. Ni mo bá ní kí n kúkú máa bọ̀."

Adégbìtẹ́ di irin géètì mú. Ó ti pẹ́ tó ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́ ló ti gbọ́.

"Àǹtí yín ti lọ," ó ní.

"Ṣé wọ́n á pẹ́ kí wọ́n tó dé, sà?"

Nabeelah wo ojú rẹ̀, ó wo àga lábẹ́ máńgòrò, ó wo ewé tí ẹnikẹ́ni ò gbá kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì yé e. "Inna lillahi," ó ní, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó sórí pèpéle ẹ̀gbẹ́ géètì, ó sì bú sẹ́kún.

Adégbìtẹ́ ò sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, òun ló ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ó dúró ti obìnrin náà, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Ó fẹ́ kó dákẹ́, ó sì tún fẹ́ kó má tètè dákẹ́, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sunkún Àníọlá nílé náà.

Nígbà tí Nabeelah nu ojú tán, ó ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí omi náà?"

Wọ́n jọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Omi náà ti rí bí omi ewúro tí wọ́n fọ̀. Ewé máńgòrò ti jẹrà sójú rẹ̀, ògiri rẹ̀ ń yọ̀, kọ̀ǹkọ̀ kan sì fò wọnú omi nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Nabeelah wò ó títí.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí mo ṣe lè léfòó ni kí n tó lọ," ó ní. "Mi ò tíì kọjá ibi tó jìn yẹn rí. Wọ́n ní tí mo bá ti dé, àwọn á mú mi kọjá."

Adégbìtẹ́ ò mọ ohun tó mú òun sọ èyí tó sọ. Ó kàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni. "Fún mi ní nọ́ńbà ẹ. Tí omi bá ti mọ́, mo máa pè ẹ́."

Obìnrin náà ò tíì lọ jìnnà tí Adégbìtẹ́ fi pe onítípà pé kó má kó yẹ̀pẹ̀ bọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni Adégbìtẹ́ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ó mọ ilẹ̀, kò mọ omi. Ó bi èèyàn léèrè, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge, níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn omi. Abdulmojeed lorúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Mojeed ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó ní irùngbọ̀n tí ewú ti ń yọ lára rẹ̀, òórùn ṣọ́ọ̀bù náà sì ń ta èèyàn nímú láti ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ ti dán omi yín wò, Dádì?" Mojeed bi í.

"Mo ti wò ó. Ó ti di ewé."

Mojeed rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe fífi ojú wò. Ẹ wò ó, kiloríìnì ni ọlọ́pàá inú omi. Òun ló ń pa kòkòrò àti ohun tó ń jẹ́ kí omi di ewé. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Tó bá kan jù, á máa ta èèyàn lójú, á máa jẹ irin. Tí kò bá sì kan tó, ọlọ́pàá tí ẹ dà síbẹ̀ á kàn sùn ni. Ẹ lè da odidi dúrọ́ọ̀mù sí i, omi ò ní í mọ́."

Ó kó àwọn nǹkan tí Adégbìtẹ́ máa lò jọ: ike kékeré tí wọ́n fi ń dán omi wò, kiloríìnì, ásíìdì inú kẹ́ẹ̀gì fún omi tí kò bá kan tó. Oníbàárà mìíràn ti ń pe Mojeed. Bó ṣe ń yí padà sí onítọ̀hún, ó na ìka sí kiloríìnì àti ásíìdì, ó ní, "Dádì, ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì yìí pàdé o." Adégbìtẹ́ rò pé inú bọ́ọ̀tù mọ́tò ló ń sọ. Ó gbé ọ̀kan síwájú, ó gbé èkejì sẹ́yìn, ó sì wakọ̀ lọ sílé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi àwọ̀n tó ní ọ̀pá gígùn kó ewé, ó kó o títí apá fi ń ro ó. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha ògiri adágún náà, omi sì dúdú sí i. Ó rí ilé kékeré tí ẹ̀rọ tó ń fa omi wà, ó tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi gba inú ìyanrìn tó ń sẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó wo ẹ̀yìn bíi pé ó fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Kò sí ẹnì kan.

Ó dán omi wò. Mojeed ti sọ fún un pé àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa ló yẹ kí omi inú ike náà ní, ṣùgbọ́n ohun tó rí dà bí omi sobo. Omi náà ò kan tó rárá, ó nílò ásíìdì. Adégbìtẹ́ wọ inú ilé ẹ̀rọ. Ó ti bu kiloríìnì sínú bókẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Kí ó má baà rìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó sì da ásíìdì lé kiloríìnì lórí.

Ó hó wàà. Èéfín aláwọ̀ ìyeyè rú sókè, ó sì dí i lọ́nà ọ̀fun bíi pé ẹnì kan ki aṣọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Ó táràrà kiri, ó kan ògiri, ó kan ẹ̀rọ, ó rí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ọwọ́ àti orúnkún wọ́ jáde sórí koríko. Níbẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí, ó ń wúkọ́, ó ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń jó bí iná.

Ó gbìyànjú láti pe Ìyá Jésùtófúnmi lẹ́yìn ògiri, ohùn ò jáde. Ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa fóònù yọ, ó pe Ẹwàolúwa. Fóònù dún títí ó fi já. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ ní Calgary. Ó wo orúkọ tó wà nínú fóònù rẹ̀, ó ń fi ìka yí i sókè, ó ń yí i sísàlẹ̀, omijé sì ń dí i lójú. Ọ̀pọ̀ àwọn orúkọ náà, Àníọlá ló mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn kó tó kan Ẹwàolúwa ni Mojeed, nígbà tó ń bi í léèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ nọ́ńbà náà.

"Dádì? Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ ti dà wọ́n pọ̀?" Ikọ́ nìkan ni Mojeed gbọ́, ó sì ti mọ̀. "Ẹ kúrò nítòsí ibẹ̀! Ẹ lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ẹ má padà wọ ibẹ̀ láéláé o! Ibo ni ilé yín wà ní Bódìjà?"

Adégbìtẹ́ fi ẹnu tó ń já sọ ọ́ fún un. Ó rántí pé òun ti géètì láti inú. Ó wọ́ dé iwájú ilé, ó ń sinmi, ó ń wọ́, ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó sì fara ti igi máńgòrò. Nígbà tí ọ̀kadà Mojeed dé, ètè rẹ̀ ti ń yí àwọ̀. Mojeed dá takisí Máíkírà kan dúró ní títì, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan nítòsí.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Nọ́ọ̀sì kan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó yíjú sí Mojeed.

"Kí ni bàbá yìí jẹ́ sí yín, sà?"

"Oníbàárà mi ni wọ́n."

"Àwọn ẹbí wọn dà?"

Mojeed ò mọ̀. Nọ́ọ̀sì yíjú sí Adégbìtẹ́. "Bàbá, ta ni ká pè fún yín?"

Adégbìtẹ́ gbé ike ẹnu rẹ̀ sókè. "Ìyàwó mi" ló ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó sọ ọ́. Ó gbé e mì. "Ọmọ mi wà ní Kánádà," ó ní.

"Ní Ìbàdàn ńbí ńkọ́, Bàbá?"

Ó wo òkè. Fáànù ń yí lọ́ọ́lọ́ọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gbé nílùú Ìbàdàn, kò sì rí orúkọ kan tó lè dá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ó bá rò ó dáadáa, Àníọlá ni wọ́n wá wò, òun kàn jókòó síbẹ̀ ni.

"Ẹ kọ nọ́ńbà tèmi sílẹ̀," Mojeed sọ fún nọ́ọ̀sì náà.

Wọ́n jẹ́ kó sùn síbẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ. Ẹwàolúwa pè, ó ń sunkún, ó sì ń bínú. "Dádì, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n dí kòtò yẹn! Ẹ ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́! Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe?"

"Ẹnì kan fẹ́ wá lò ó."

"Ta ni?"

"Ẹnì kan tí màmá ẹ ń kọ́," ó ní.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, Mojeed wá sí Bódìjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i. Ó ní àṣìṣe òun náà wà níbẹ̀, pé kò yẹ kí òun jẹ́ kí Dádì lọ láìjẹ́ pé òun ṣàlàyé tán. Ó ṣí ilé ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, ó sì fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló mú Adégbìtẹ́ lọ sí etí adágún, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bókẹ́ẹ̀tì ti ásíìdì lọ́tọ̀, ti kiloríìnì lọ́tọ̀. Ẹ má fi ọ̀kan bu èkejì láé. Tí ẹ bá fẹ́ lo ásíìdì, ẹ kọ́kọ́ bu omi sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da ásíìdì sínú omi. Ẹ má da omi sórí ásíìdì. Ẹ dà á sí ibi tó jìn, kí ẹ̀rọ máa yí i ká. Ọjọ́ kejì lẹ tún dán an wò. Tó bá ti wà ní ìwọ̀n, ẹ wá da kiloríìnì sí i nírọ̀lẹ́, tí oòrùn bá ti wọ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́?"

"Oòrùn ń jẹ ẹ́, Dádì. Èyí tí ẹ bá dà lọ́sàn-án, ojú ọ̀run lẹ fún."

Ó fi aago kékeré ara agolo ìyanrìn hàn án, pé tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti gòkè jù, ìdọ̀tí ti dí ìyanrìn nìyẹn, kó yí ọwọ́ tó wà lórí agolo náà padà kí omi lè fọ ìdọ̀tí náà dànù. Ó ní òjò ńlá máa ń da ìwọ̀n omi rú, ewé sì máa ń jẹ kiloríìnì, nítorí náà kó máa kó ewé kó tó ṣe ohunkóhun. Adégbìtẹ́ ń tẹ́tí. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe jókòó sétí omi, Mojeed ní, "Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ẹ̀yin lọkọ Màmá. Ìgbà tí mo rí ilé yìí ni mo mọ̀, torí wọ́n ti júwe rẹ̀ fún wa rí. Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń ra gbogbo oògùn omi. Ẹni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá á rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n máa ń dárúkọ yín."

"Èmi?" Adégbìtẹ́ yíjú sí i. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ní ọkọ àwọn ò fẹ́ràn omi. Wọ́n ní àwọn ń wá ọjọ́ tí àwọn á fi dọ́gbọ́n fà yín wọ̀ ọ́."

Adégbìtẹ́ ń wo omi ewé náà. Àníọlá kò fìgbà kan pè é wá sí ẹ̀yìnkùlé, tàbí ó pè é, tí rédíò sì bo ohùn rẹ̀. Kò lè rántí. Àwọn èèyàn kan wà ní Challenge àti ní Sókótó tí wọ́n mọ obìnrin kan tó máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, òun tó sì gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, iwájú ilé ló wà. Nígbà tí Mojeed lọ tán, ó jókòó síbẹ̀ títí ẹ̀fọn fi lé e wọlé, ó sì sunkún nínú yàrá, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Omi náà ò mọ́ lọ́jọ́ kan. Ó kọ́kọ́ kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di funfun bí omi ẹ̀kọ. Adégbìtẹ́ rò pé òun ti tún bà á jẹ́, ó pe Mojeed, Mojeed ní kó má da nǹkan kan sí i, kó ṣáà jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, ohun tó ti kú ni ìyanrìn ń sẹ́. Kọ̀ǹkọ̀ kó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Adégbìtẹ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì rí ilẹ̀ adágún náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo táìlì rẹ̀ kedere, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ó ti gbàgbé pé Àníọlá ló yan àwọ̀ náà. Ó pe Nabeelah.

Sátidé ló wá, ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bò ó láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó rìn wọ inú omi díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi tó dé ìgbáròkó rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí, sà," ó ní.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Adégbìtẹ́ sọ. "Mi ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Tí o bá ń rì, mi ò lè bẹ́ sínú rẹ̀ yọ ẹ́." Ó ronú díẹ̀, ó lọ gbé ọ̀pá gígùn tó fi ń kó ewé. "Màá máa tẹ̀ lé ẹ létí omi. Tó bá rẹ̀ ẹ́, di èyí mú."

Nabeelah na ara lórí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Adégbìtẹ́ ń rìn létí adágún, ó na ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò jẹ́ kó kàn án, kò sì jẹ́ kó jìnnà sí i. Níbi tó jìn, ẹsẹ̀ Nabeelah dàrú, omi wọ ọ́ lẹ́nu, ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ di ọ̀pá mú. Kò dì í mú. Ó fẹ́ omi jáde, ó tún ara rẹ̀ tò, ó sì ń lọ. Nígbà tó gbá etí òdìkejì mú, ó gbé orí lé apá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Adégbìtẹ́ tó mí.

Ó wá ní ọ̀pọ̀ Sátidé lẹ́yìn ìyẹn. Adégbìtẹ́ á ti kó ewé, á ti dán omi wò, á ti gbé àga sí etí adágún. Nabeelah á sọ ìtàn Àníọlá fún un: bó ṣe máa ń kọrin lábẹ́ ẹnu tó bá ń da kiloríìnì, bó ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù ohun tó lè gbé e dúró. Adégbìtẹ́ á máa gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ẹni tó fẹ́ lọ bá ṣọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé Nabeelah lọ, sí Yola lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, kò wọ inú omi. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́hun jẹ́ kí Dádì pẹ́ fún àwọn. Adégbìtẹ́ sìn ín dé títì, ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi gbé e. Nígbà tó padà, ó ti géètì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, ó sì gbé àga kúrò létí omi, nítorí òjò ń ṣú.

Kò fi omi náà sílẹ̀. Láràárọ̀, ó ń kó ewé kó tó mu tíì. Tí òjò ńlá bá rọ̀, á dán omi wò, á bu sódà funfun tí Mojeed fún un dà sí i tó bá ti kan jù. Ìyá Jésùtófúnmi kí i lórí ògiri, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin náà sì sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí lọ síbi oúnjẹ tó wà lórí iná.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Ẹwàolúwa pè é lórí fídíò. Yìnyín ń bọ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì múra ibi iṣẹ́.

"Dádì, ṣé ẹnì kan ṣì ń lo omi yẹn?"

"Rárá. Ẹni tó ń lò ó ti lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ṣì ń tọ́jú ẹ̀?"

Adégbìtẹ́ rò ó. "Tí mo bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún di ewé," ó ní. Ìyẹn nìkan kọ́, ṣùgbọ́n òun ló rí sọ.

Ẹwàolúwa sún mọ́ fóònù, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rí i."

Adégbìtẹ́ rìn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na fóònù sórí adágún. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà nínú omi, ó ń mì lára táìlì. Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ fa ikun sókè.

"Ṣé kí n gbé e kúrò?" ó bi í.

"Rárá, Dádì. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀."

Ó jẹ́ kó wà níbẹ̀. Apá ń ro ó, ó fi ọwọ́ kejì gbé e ró. Nígbà tó yá, Ẹwàolúwa ní ọkọ̀ tí òun máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti dé, ó ní òun á pè lọ́la, fóònù sì dákẹ́. Adégbìtẹ́ fi í sápò. Eruku ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú omi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó lọ sí ilé ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnì, ó sì dúró títí ó fi gbọ́ pé omi ti ń rìn.